Sípíríǹgì kúkúrú: bí a ṣe ń mọ èyí tó bá sédáànì asáré mu

Sípíríǹgì kúkúrú ni èyí tí a fi ń rọ́pò sípíríǹgì tí ọkọ̀ bá dé láti ilé iṣẹ́, kí ara ọkọ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀ sí i. Ó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì le jù ú lọ. Ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ lè wà bó ṣe wà. Bí sípíríǹgì náà bá ti wọlé, gíga tó bá fún ọkọ̀ náà nìyẹn, kò ṣeé yí sókè tàbí sódò. Coilover ni èyí tí ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì ti jọ ń wá pa pọ̀, tí a lè fi òrùka onírin yí gíga rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó fẹ́ ra sípíríǹgì kúkúrú ni: "Mìlímítà mélòó ni yóò fi wálẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ohun mẹ́ta ló ṣáájú rẹ̀: ìwúwo tí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn gan-an ń gbé, irú ṣọ́ọ̀kì tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti àyè tó máa ṣẹ́ kù fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti gòkè nígbà tó bá wọ kòtò. Sípíríǹgì lè jókòó sáyè rẹ̀ rekete, kí gbogbo bóòtì dé, síbẹ̀ kó má bá ọkọ̀ náà mu.

Líle sípíríǹgì

Agbára tó ń gbà kí sípíríǹgì tó fi mìlímítà kan kúrú ni a ń pè ní líle rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 30 N/mm (newton lórí mìlímítà; newton ni ìwọ̀n agbára), ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹrù tó tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta ló ń fi mìlímítà 1 tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi pọ́n-ùn lórí ínṣì kọ ọ́, àwọn ará Japan ń fi kílò lórí mìlímítà. 1 kg/mm jẹ́ 9.8 N/mm tàbí nǹkan bíi 56 lb/in. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìwọ̀n kan kí ẹ tó fi wọ́n wéra, torí 6 tó wà lára páálí kan àti 60 tó wà lára òmíràn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà.

Bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó, bí òrùka rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti iye òrùka tó ń ṣiṣẹ́ ló ń pinnu líle. Nínípọn irin ló lágbára jù nínú wọn. Bí irin bá jẹ́ 13 mm dípò 12 mm, tí ohun yòókù ò sì yí padà, sípíríǹgì náà yóò fi nǹkan bíi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. Iye òrùka ń ṣiṣẹ́ lódì sí èyí: bí òrùka bá ṣe ń dín kù ni líle ń pọ̀ sí i.

Wọ́n ń lọ́ àwọn kan ní ìwọ̀n kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, líle wọn kì í sì í yí padà. Àwọn mìíràn ní òrùka tó fún mọ́ra wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn òrùka fífún yìí máa ń pa pọ̀ bí ìwúwo ọkọ̀ bá ti dé orí wọn, kí ó tó kan àwọn òrùka yòókù láti ṣe iṣẹ́ gidi. Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ bá kọ nọ́ńbà méjì, èyí tó tóbi ló sábà sún mọ́ ohun tí awakọ̀ máa mọ̀ lára.

Ìwúwo tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Orúkọ ọkọ̀ kan lè wà lára oríṣiríṣi ọkọ̀ tí ìwúwo iwájú wọn kò dọ́gba rárá. Ẹ wo BMW 3 Series F30: 328i ní ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́rin, 335i ní mẹ́fà, àwọn tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì wà, àwọn tí ẹ́ńjìnì ń ti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n ń pè ní xDrive, sì tún wà. Sípíríǹgì iwájú 328i lásán kì í ṣe ti 328i xDrive, torí ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú ní láti rí ọ̀nà gbà kọjá níbi ìdí ṣọ́ọ̀kì, ìdí ṣọ́ọ̀kì náà sì yàtọ̀.

Ká ní sípíríǹgì iwájú le ní 30 N/mm, tí a wá fi sábẹ́ ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ fi kílò 60 wúwo ju èyí tí wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbé kílò 30 lé e, ìyẹn nǹkan bíi newton 294. Bí ẹ bá fi 30 pín in, ẹ máa rí i pé ọkọ̀ náà yóò fi nǹkan bíi 10 mm wálẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n kọ sí páálí. Ẹni tó ra 30 mm ti gba 40 mm láìmọ̀. Bí a bá yí i padà, tí a fi sípíríǹgì ẹ́ńjìnì wúwo sábẹ́ ọkọ̀ fífúyẹ́, ẹ̀yìn yóò wálẹ̀, iwájú yóò sì dúró lókè, ìrísí tó burú ju bí ọkọ̀ ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ bíi H&R àti Eibach ti Jámánì máa ń kọ ìwúwo tí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ọjà wọn. Ẹ fi wé ohun tó wà lára àwo onírin tàbí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín. Lára àwo ọkọ̀ Yúróòpù, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 jẹ́ ti iwájú, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 jẹ́ ti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi nọ́ńbà ṣáásí wá àkójọ ohun tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ náà nígbà tí wọ́n ṣe é. Lọ́dọ̀ BMW, kóòdù 704 ni ti ìdúró (suspension) eré tí wọ́n ń pè ní M Sport, 2VF sì ni ti ṣọ́ọ̀kì tó ń gba àṣẹ láti ara kọ̀ǹpútà. Lọ́dọ̀ Volkswagen àti Audi, bébà kan wà nínú búùtù tí kóòdù kún orí rẹ̀: 1BA ni ti ìdúró lásán, 1BE ni ti eré.

Kóòdù yẹn ṣe pàtàkì nítorí ọ̀rọ̀ "30/20" tí wọ́n ń kọ sára páálí, ìyẹn 30 mm níwájú, 20 mm lẹ́yìn. Láti ibo ni wọ́n ti ń kà á? Láti gíga ọkọ̀ lásán ni, àyàfi bí wọ́n bá sọ ohun mìíràn. M Sport ti F30 ti fi nǹkan bíi 10 mm wálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí sípíríǹgì 30 mm bá wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, 20 mm péré ni olówó rẹ̀ máa rí, yóò sì máa rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ẹ wọn gíga ọkọ̀ kí ẹ tó rà á, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, láti àárín rímù dé etí irin tó bo ẹsẹ̀ ọkọ̀ lókè, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí afẹ́fẹ́ táyà máa ń yí i padà. Sípíríǹgì tó ti pẹ́ lè ti fúnra rẹ̀ wálẹ̀.

Àyè tó ṣẹ́ kù

Lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ni rọ́bà kan wà tí wọ́n ń pè ní bump stop. Òun ló ń gba ẹrù nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá gòkè dé òpin. Ká ní àyè tó wà kí ẹsẹ̀ tó kan rọ́bà náà jẹ́ 75 mm, tí líle tó dé ẹsẹ̀, ìyẹn líle sípíríǹgì bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń mọ̀ ọ́n lára, sì jẹ́ 25 N/mm. Bí a bá fi 30 mm rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀, 45 mm ló kù. Agbára tí sípíríǹgì lè gbà mọ́ra ń bá àyè yìí lọ ní ìsọdipúpọ̀ ara rẹ̀, ìyẹn 75 × 75 sí 45 × 45. Bí sípíríǹgì tuntun bá fẹ́ gba gbogbo ohun tí ti àtijọ́ ń gbà kó tó kan rọ́bà, líle rẹ̀ ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 N/mm. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní ṣeé jókòó sí. Ohun tí a sábà ń rí lọ́jà ni èyí tó fi ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún le ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Rọ́bà náà ló ń gbé ìyókù.

Ìdí nìyẹn tí bump stop fi jẹ́ ara sípíríǹgì, tí kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìwé àwọn sípíríǹgì kan ní kí ẹ gé iye mìlímítà kan kúrò lára rẹ̀, àwọn mìíràn ń kó èyí tó kúrú wá. Ẹ ṣe ohun tí ìwé wí. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò pátápátá kí ọkọ̀ má baà le lára rẹ̀ ń jẹ́ kí irin inú ṣọ́ọ̀kì máa gbá ìdí rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì náà ò sì ní pẹ́ tú.

Bí ẹ bá fi jáàkì gbé ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀, sípíríǹgì kò gbọdọ̀ ṣeé fọwọ́ yí. Bó bá tú, ó kúrú jù fún ṣọ́ọ̀kì yẹn. Ó máa ń dún gbọ̀ngbọ̀n, ó sì lè kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tó kúrú wà fún èyí. Lọ́dọ̀ Bilstein, B6 jẹ́ ti ọkọ̀ tó wà ní gíga rẹ̀, B8 ni wọ́n ké kúrú fún ọkọ̀ tó ti wálẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ tó ṣì le lè bá sípíríǹgì tí kò le jù ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti rìn jìnnà kò ní lè dá sípíríǹgì líle dúró, ọkọ̀ yóò sì máa fò sókè sódò lẹ́yìn gbogbo kòtò. A ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi sípíríǹgì tuntun sórí ṣọ́ọ̀kì tó ti ń da epo: iṣẹ́ kan náà ni ẹ máa san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ sédáànì, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì kò sí lójú kan. Sípíríǹgì wà lórí apá irin ìsàlẹ̀, ó sún mọ́ inú ju ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ. Bí ẹsẹ̀ bá gòkè ní 10 mm, sípíríǹgì lè fi 7 mm péré kúrú. Líle tó dé ẹsẹ̀ yóò wá jẹ́ líle sípíríǹgì ní ìlọ́po 0.7 lẹ́ẹ̀mejì: 60 N/mm á di nǹkan bíi 29. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà iwájú wé ti ẹ̀yìn kó wá sọ pé ẹ̀yìn ti le jù.

Bó bá wálẹ̀ jù

Nínú ọkọ̀ tó ń lo ìdúró MacPherson níwájú, ìyẹn èyí tí sípíríǹgì ti yí ṣọ́ọ̀kì ká, lower arm (apá irin ìsàlẹ̀) sábà máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá wálẹ̀ púpọ̀, etí òde rẹ̀ yóò ga ju ti inú lọ. Ojú ibi tí ara ọkọ̀ ń fì lé lórí nígbà tó bá ń gba kọ́nà yóò wá já wálẹ̀ yára ju bí ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń já lọ, agbára tó ń ti ara ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò sì pọ̀ sí i. Ọkọ̀ tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ torí kọ́nà wá ń fì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún ọkọ̀ ojú títì, 20 sí 30 mm ni a máa dúró sí.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò tún tẹ̀ sínú lókè, toe rẹ̀, ìyẹn ibi tí iwájú táyà kọjú sí, yóò sì yí padà. Títẹ̀ sínú nìkan kì í jẹ táyà tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Toe tí kò dọ́gba ló ń fá etí inú táyà tán. Ẹ bi ẹni tó máa ṣe alignment (títò ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó gún) léèrè bóyá bóòtì ìtúnṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ yín ṣì ní àyè tó pọ̀.

Ọkọ̀ tó ní iná iwájú tó ń gbé ara rẹ̀ sókè sódò ní sẹ́ńsọ̀ gíga lára lower arm. Bí sípíríǹgì bá ti wọlé, wọ́n ní láti fi kọ̀ǹpútà sọ gíga tuntun fún un, kí iná má baà máa tàn sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń dúró lórí afẹ́fẹ́ kò ní ohun tó kàn án nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ẹ bá ń fi í sí

Sípíríǹgì tí wọ́n fún mọ́ra lè pa èèyàn. Ẹ lo irin ìfún tó dára ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ má sì tú nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì títí sípíríǹgì yóò fi kúrò lára ìjókòó òkè. Ẹ pààrọ̀ mounting (ìjókòó rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kì) tó ti gbó nígbà tí nǹkan ti tú, torí iṣẹ́ ọ̀hún kan náà ni. Àwọn bóòtì tó kọjá nínú bọ́ọ̀ṣì rọ́bà kò gbọdọ̀ dé nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tó fún wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà náà yóò lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí láé, yóò sì ya láìpẹ́.

Ẹnìkan máa sọ pé kí ẹ gé òrùka kan kúrò lára sípíríǹgì àtijọ́ dípò kí ẹ ra tuntun. Lóòótọ́, yóò le sí i, torí òrùka ti dín kù. Ṣùgbọ́n orí tí ẹ gé kò ní jókòó sínú àpótí rẹ̀ mọ́, sípíríǹgì náà yóò sì tú nígbà tí ẹsẹ̀ bá rọ̀. Èyí tí wọ́n fi iná yọ́ kí ó lè wálẹ̀ burú jù, nítorí iná ti ba líle irin náà jẹ́, yóò sì máa wálẹ̀ títí tàbí kó ṣẹ́.

Sípíríǹgì tuntun máa ń jókòó díẹ̀ sí i, nǹkan bíi mìlímítà mélòó kan, láàárín ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan tó kọ́kọ́ rìn. Nígbà náà ni kí ẹ tó ṣe alignment ìkẹyìn, kí ẹ sì wọn gíga ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹsẹ̀ kan bá fi ju 5 mm ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ wo orí sípíríǹgì níbi ìjókòó ìsàlẹ̀: ó ṣeé ṣe kó má tíì dé inú àtẹ̀gùn kékeré tí wọ́n ṣe fún un, kó sì gun orí rẹ̀. Bí ìyẹn bá dára, ẹ wo bóyá wọ́n fi rọ́bà ìjókòó tó nípọn jù síbẹ̀, tàbí wọ́n ti gbé ọ̀tún fún òsì, nítorí àwọn ọkọ̀ kan wà tí sípíríǹgì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọn kò dọ́gba.