Aago Ifẹ̀ nínú fáìlì Parquet

Ká ní POS kan ní Lágere, n'Ilé-Ifẹ̀, gba owó ní 12:20 òru, ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá. Wọ́n kó dátà ẹ̀ sínú fáìlì Parquet (oríṣi fáìlì kan tí wọ́n ń kó dátà tó pọ̀ sí), ẹlòmíì wá ṣí i lórí server tó ń lo UTC (aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n, ó fi wákàtí kan rẹ́yìn aago Nàìjíríà), ohun tó máa rí ni 11:20 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, owó oṣù kẹwàá ti bọ́ sínú oṣù kẹsàn-án nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan dátà náà o.

Nọ́ńbà lásán ló wà nínú fáìlì yẹn, ó ń ka mílísẹ́kọ́ńdì (àbí máíkírò, àbí nánò) látọjọ́ 1 oṣù kìíní 1970. Àmì kan wà tó ń tẹ̀lé e, isAdjustedToUTC, òun ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa ka nọ́ńbà yẹn. Tó bá jẹ́ true, ìgbà kan pàtó ni, ọ̀kan náà ni fún gbogbo ayé: ẹni tó wà n'Ifẹ̀ á fi wákàtí kan kún un, ará Tokyo á fi mẹ́sàn-án. Tó bá jẹ́ false, ohun tí aago ara ògiri sọ ni, kẹ́nì kankan má fi kún un, kó má yọ níbẹ̀.

Ibi tó ti ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú rèé: true yẹn ò tọ́jú orúkọ ìlú kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni timestamptz, oríṣi kọ́lọ̀mù tó ń gba ọjọ́ àti aago nínú PostgreSQL (ètò kan tó ń tọ́jú dátà), á yí i sí UTC, á sì ju zone (agbègbè aago) nù. Tẹ́ ẹ bá nílò ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ fún un ní kọ́lọ̀mù tiẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ zone, Africa/Lagos, síbẹ̀, ẹ má kọ +01:00. Torí pé Nàìjíríà kì í sún aago, ó máa ń dà bíi pé ìkan náà ni méjèèjì, àmọ́ ẹ wo ọmọ tó wà ní London, níbi tí wọ́n ti ń sún aago lọ́dọọdún, tó ń pe ìyá ẹ̀ n'Iléṣà ní aago mẹ́jọ alẹ́ London gbogbo ọjọ́ Sunday: lóṣù keje, aago mẹ́jọ náà ló máa dún lọ́dọ̀ màmá, tó bá wá di oṣù kejìlá, mẹ́sàn-án ni. Nọ́ńbà +01:00 ò lè mọ ìyẹn láé, Europe/London ló mọ̀ ọ́n.

INT96, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà kọ aago sínú Parquet, ńkọ́? Kò ní àmì yẹn rárá, nínú ètò méjì tó ń lo fáìlì Parquet, Hive ń yí tiẹ̀ sí UTC, Impala kì í yí i, ẹ yẹra fún un. Ọjọ́ ìbí ní tiẹ̀, DATE ni kẹ́ ẹ fi sí, kò nílò wákàtí.