Gun: orúkọ tí kò ní alága

Ẹni tó bá wo àdírẹ́sì ará oko ní Japan á rí ọ̀rọ̀ kan tó há sáàárín ìpínlẹ̀ àti abúlé: Nara-ken, Yoshino-gun, Totsukawa-mura. Ìpínlẹ̀ Nara, gun Yoshino, abúlé Totsukawa. Kíá làwọn èèyàn máa ń túmọ̀ “gun” yẹn sí ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á sì máa béèrè pé ta ni alága ibẹ̀. Orúkọ agbègbè lásán ni, kò ní alága. Kò ní kánsẹ́lọ̀, kò ní ọ́fíìsì, kì í gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ fẹjọ́ sun gun, kò sí ilẹ̀kùn tó máa kàn.

Ó ti ní i rí ṣá. Òfin ọdún 701 ló fìdí gun múlẹ̀, àwọn bọ̀rọ̀kìnní àdúgbò ló sì ń ṣe olórí wọn. Ní 1878, ìjọba ọba Meiji sọ ọ́ di ẹ̀ka ìjọba gidi, tòun ti ọ̀gá tí wọ́n ń yàn wá láti òkè. Kò tó àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi tú u ká: ìgbìmọ̀ rẹ̀ lọ ní 1923, ọ́fíìsì rẹ̀ lọ ní 1926. Orúkọ nìkan ni wọn ò gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibi tó wá dùn nìyí. Abúlé àti ìlú kékeré nìkan ló ń gbé inú gun. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá di ìlú ńlá, ìyẹn shi, ọjọ́ náà ló jáde. Ó dà bí agbo ilé tí wọ́n ti pàṣẹ pé ọmọ tó bá kọ́lé kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ìdílé mọ́. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ́nu ló ṣẹ́kù sídìí ààrò, òun ló ń jẹ́ orúkọ bàbá. Bí òun náà bá wá kọ́lé ńkọ́? Agbo ilé parẹ́ nìyẹn.

Ohun tó ṣe gun Uchi, tó bá Yoshino pààlà, gan-an nìyẹn. Ní 1957, ìlú àti abúlé inú rẹ̀ para pọ̀ di ìlú ńlá Gojo, ni Uchi bá kúrò nínú àdírẹ́sì. Nígbà tó di 2005, Gojo tún nawọ́ sí Yoshino, ó kó abúlé méjì: Oto àti Nishiyoshino. “Yoshino Ìwọ̀-Oòrùn” ni Nishiyoshino túmọ̀ sí. Ó ń jẹ́ Yoshino, kò sí nínú Yoshino mọ́.

Ìlú kékeré mẹ́ta àti abúlé mẹ́jọ ló kù. Totsukawa tóbi tó kìlómítà onígun mẹ́rin 672, ó fẹ̀ ju àdúgbò 23 tó wà láàárín gbùngbùn Tokyo lọ lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èèyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3,000. Òkè àti igbó ló gba ìyókù. Afárá olókùn irin kan wà níbẹ̀ ní Tanize, ó gùn tó mítà 297, ó ga tó mítà 54 sókè odò. Tí èèyàn bá ń rìn lórí pákó rẹ̀, ó ń mì lẹ́sẹ̀. Èèyàn 20 péré ni wọ́n ní kó wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará àdúgbò ló tọwọ́ bọ àpò ara wọn láti kọ́ ọ ní 1954. Gun kò dá kọ́bọ̀ sí i, torí kò ní àpò.

Àbùkù gun nìyẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú ẹ̀ náà: orúkọ tí kì í gba owó oṣù kò sú ẹnikẹ́ni í tọ́jú. Àmọ́ ilẹ̀ ló so mọ́, kò so mọ́ èèyàn. Ní August 1889, òjò àrọ̀ìdá mú kí òkè ya lu àwọn ará Totsukawa, èèyàn 168 sì kú. Nǹkan bí 2,500 nínú àwọn tó yè kó lọ sí Hokkaido níhà àríwá, wọ́n tẹ Shintotsukawa dó, “Totsukawa Tuntun”. Wọ́n gbé orúkọ abúlé lọ, wọ́n gbé àmì rẹ̀ lọ. Kabato-gun ni wọ́n ń kọ sára lẹ́tà wọn lónìí.