Bí Lésà àti Abẹ́rẹ́ Ṣe Di Ìtọ́jú Ojú Alátọ̀gbẹ

Ní oṣù keje ọdún 1945, òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ lójú ọ̀run Yúróòpù. Àwọn kan gbójú sókè wò ó, oòrùn sì jó rẹ́tínà wọn, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba àwòrán. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan wà lára wọn. Gerd Meyer-Schwickerath, dókítà ojú ní Hamburg, wo àpá tí iná yẹn dá sílẹ̀, ó sì rò ó pé ohun tó lè ba ojú jẹ́ lè tún un ṣe. Ó gbé dígí sórí òrùlé ilé ìwòsàn, ó ń fi í darí oòrùn wọ ojú aláìsàn nísàlẹ̀. Bí ìkùukùu bá ṣú, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ Zeiss bá a ṣe àtùpà alágbára, kí Theodore Maiman tó tan lésà àkọ́kọ́, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ alágbára tó ń lọ tààrà sójú kan, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960.

Àtọ̀gbẹ ni lésà wá wúlò fún jù. Ṣúgà máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ́, ebi atẹ́gùn ọ́síjìn á wá pa rẹ́tínà, iṣan tuntun tí kò lágbára á hù, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú ojú. Dókítà á fi lésà jó etí rẹ́tínà ní àmì wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kí atẹ́gùn tó kù lè tó àárín. Lọ́dún 1976, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó dín ìfọ́jú kù ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá jó ti kú nìyẹn: ẹ̀gbẹ́ ojú kì í ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òkùnkùn alẹ́ sì máa ń ni èèyàn lára.

Dókítà ojú kan, Isaac Michaelson, ti sọ lọ́dún 1948 pé rẹ́tínà tí ebi ń pa ló ń tú ohun kan jáde tó ń pe iṣan tuntun. Ó tó ọdún 1989 kí Napoleone Ferrara àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó yọ VEGF sọ́tọ̀, èròjà ara tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù. Lọ́dún 1994, wọ́n bá a nínú omi ojú àwọn alátọ̀gbẹ. Lọ́dún 2005, Philip Rosenfeld ní Miami gún bevacizumab, oògùn jẹjẹrẹ ìfun tó ń dí VEGF lọ́wọ́, sínú ojú tí ọjọ́ ogbó ń bà jẹ́. Àwọn alátọ̀gbẹ náà jàǹfààní rẹ̀.

Ní 2015, wọ́n gbé lésà àti abẹ́rẹ́ ranibizumab, tóun náà ń dí VEGF lọ́wọ́, wọ̀n lára èèyàn 305. Lẹ́yìn ọdún méjì, abẹ́rẹ́ kò rẹ̀yìn, kò sì bu ẹ̀gbẹ́ ojú jẹ tó lésà. Inú mi dùn sí i gan-an, àmọ́ mi ò ní gbé abẹ́rẹ́ nìkan fún ẹni tí owó ọkọ̀ ń ni lára. Lésà tí wọ́n ti jó kì í lọ. Agbára oògùn máa ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwádìí 2019 kan wo àwọn tó pa ìtọ́jú tì fún ohun tó ju oṣù mẹ́fà lọ: ojú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ nìkan ló bàjẹ́ jù.