Pickup gìtá kì í ṣe máíìkì

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí a ń dánra wò ní Òkè-Fìà, gìtá oníná ìjọ ṣàdédé yí ohùn padà. Okùn tuntun la ṣẹ̀ṣẹ̀ so sí i o. Okùn méjì tó tín-ín jù ń han gooro, àwọn mẹ́rin tó kù ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹ̀bà kún ẹnu rẹ̀. Onílù ti dájọ́: "Pickup ti kú." Ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ abẹ́ okùn tó ń jẹ́ kí ampù gbé ohùn gìtá jáde. A ti ń dáwó àtúnṣe kí n tó yẹ ara okùn wò. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀gbà idẹ. Okùn box guitar ni, gìtá onígi tí kì í lo iná.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé pickup ń gbọ́ ohùn bíi máíìkì, pé okùn yòówù tó bá ti ń dún létí yóò dún nínú ampù. Pickup kò létí. Òòfà ni, tí wọ́n fi wáyà bàbà tó tín-ín bí irun orí wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí irin bá ń mì lókè rẹ̀, agbára òòfà náà á máa yí padà, iná kékeré á sì máa rìn nínú wáyà lọ sí ampù. Ọgbọ́n yìí náà ni jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín ń lò. Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ti rí àṣírí rẹ̀ láti ọdún 1831. Ẹ so okùn ọ̀rá sí i, pickup ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Òòfà kì í sì í fa idẹ. (Àwa tí à ń gbé ìlú Ọ̀ṣun ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ ìwà idẹ.) Okùn box guitar ní irin nínú, àmọ́ idẹ ni wọ́n fi wé e níta, irin inú yẹn nìkan ni pickup ń rí. Okùn kìíní àti ìkejì ò wọ aṣọ kankan, irin lásán ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo. Bí ẹ bá rí "phosphor bronze" tàbí "80/20" (bàbà 80 nínú 100 àti síńkì 20) lára páálí, kì í ṣe ti gìtá oníná. Ti oníná máa ń funfun, "nickel" ló sábà máa ń wà lára páálí rẹ̀.

Ó tún nípọn jù. A ti fi .012 rọ́pò .010 (ìyẹn bí okùn kìíní ṣe nípọn tó ní ínṣì), ó ti fa ọrùn gìtá tẹ̀ síwájú, okùn wá ga débi pé ìka ń dunni.

Nígbà tí a fi .010 oníníkẹ́lì sí i, ohùn padà lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ okùn kan péré ni ohùn rẹ̀ ṣì lọ sílẹ̀, ẹ fi screwdriver gbé ẹ̀gbẹ́ pickup yẹn sókè díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Bó bá sún mọ́ okùn jù, òòfà á máa fà á, ohùn á sì máa gbọ̀n.

Owó tí a dá, a fi ra okùn kejì pamọ́. Onílù ṣì ń fura sí pickup.