Òṣùwọ̀n tó ń yí padà bí obìnrin bá jáde dupò

Ní Kabba, Ìjùmú àti Yàgbà, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi, ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn là á mọ́lẹ̀ pé òun ò ní dìbò fún obìnrin. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ẹni tó jáde ni, kí wọ́n tó wá òṣùwọ̀n tí kò ní bá a mu.

Eric Uhlmann àti Geoffrey Cohen dán irú èyí wò nínú ìwádìí tó jáde ní 2005. Wọ́n ní káwọn èèyàn yẹ ẹni tó ń wá ipò ọ̀gá ọlọ́pàá wò. Bó bá jẹ́ ọkùnrin tó kàwé, ìwé ló ṣe pàtàkì lójú wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin tó gbọ́n ní ìgboro àmọ́ tí kò kàwé púpọ̀, ìwé ò já mọ́ nǹkan mọ́. Obìnrin ò rí irú ojúure yẹn. Àwọn tó dá ara wọn lójú jù pé àwọn kì í ṣègbè ni ègbè wọn pọ̀ jù.

Lọ́dọ̀ wa, òṣùwọ̀n tó mú jù ni "Ọmọ ibo ni?" Ká ní wọ́n bí obìnrin kan ní Ìyàrà, ó wá lọ́kọ ní Ìsánlú. Bó bá jáde ní Ìyàrà, wọ́n á ní, "Ìyàwó àwọn Yàgbà ni, a ti gbé e fún ọkọ." Bó bá jáde ní Ìsánlú, "Ọmọ Ìjùmú ni, kó lọ dupò nílé bàbá rẹ̀." Ta ló bi ọkọ rẹ̀ léèrè ìlú ìyàwó rí? Àbá kan wà pé kí obìnrin lè di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 5. Ilé aṣòfin l'Ábùjá dà á nù ní oṣù kẹta 2022.

Èkejì ni "Ṣé ó lè wọlé?" Láti 1991 tí wọ́n ti dá Kogi sílẹ̀, apá ìwọ̀-oòrùn ò tíì ní gómìnà tí wọ́n dìbò yàn. Adelé ni Clarence Olafemi, ọmọ apá ibẹ̀, ṣe ní 2008. Ìyẹn ń ká àwọn èèyàn lára, wọn ò sì fẹ́ fi àyè tó bá yọ ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn obìnrin náà gan-an á ní òun ì bá dìbò fún un, àwọn yòókù ni ò ní gbà. Àwọn yòókù náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìbò abẹ́lé PDP fún ipò ààrẹ ní 2011, ìbò kan ṣoṣo ni Sarah Jibril, obìnrin tó dupò náà, rí.

Ní 2022, APC yọ̀ǹda fọ́ọ̀mù ìdíje fáwọn obìnrin lọ́fẹ̀ẹ́, owó fọ́ọ̀mù ìfìfẹ́hàn nìkan ló kù: obìnrin tó fẹ́ ṣe gómìnà san mílíọ̀nù 10 náírà péré, ọkùnrin san mílíọ̀nù 50. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òru ni wọ́n ń bá àwọn dẹ́lígéètì, àwọn tó ń dìbò abẹ́lé, sọ̀rọ̀ nílé ìtura. Bí obìnrin bá lọ, wọ́n á ní alárìnkiri ni; bí kò bá lọ, wọ́n á ní kò mọ òṣèlú.