Gbogbo idẹ kọ́ ló lè gbé inú omi iyọ̀: ohun tó ń ba ìsopọ̀ páìpù omi jẹ́ lára ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀

Bí ọkọ̀ ojú omi onídísẹ̀lì ńlá kan bá ń gbéra ní èbúté, ihò kan wà ní ìdí rẹ̀ tó máa ń tu omi: omi díẹ̀, èéfín díẹ̀, omi díẹ̀. Èrò tí kò mọ̀ á ní ọkọ̀ yẹn ń jò. Kò jò o. Ọjọ́ tí kò bá tu omi mọ́, tó jẹ́ èéfín gbígbẹ nìkan ló ń jáde, tí ariwo ẹ̀sọ́ọ̀sì sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ni ọ̀ràn dé. Kí atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de gééjì tó ń wọn ooru, torí gééjì lè má tíì mọ nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ èrò tó ń ná ọ̀sà Èkó, ìdí ni wọ́n so ẹ́ńjìnnì wọn kọ́. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn wà nínú omi, ó ń fa omi mu fúnra rẹ̀. Èyí tí à ń sọ níbí yàtọ̀. Inú ikùn ọkọ̀ ló jókòó sí, lábẹ́ pákó, níbi tí atẹ́gùn kì í dé, bíi ti àwọn ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ òkun wọ Àpápá àti ọkọ̀ afẹ́ àwọn olówó. Mọ́tò orí títì ní rédíétọ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ kò ní ẹlòmíì tó máa tù ú lára àfi omi tí ọkọ̀ náà léfòó lé lórí.

Omi méjì ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́ ni kúláǹtì, tó ń yí po nínú ẹ́ńjìnnì láìjáde síta. Èkejì ni omi ọ̀sà tàbí omi òkun. Èyí gba ihò kan wọlé ní abẹ́ ọkọ̀, níbi tí fáfù kan wà tí àwọn atukọ̀ ń pè ní seacock. Ó kọjá nínú asẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ páńpù tó ní àgbá rọ́bà kékeré kan nínú, tí wọ́n gé etí rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀: ímpẹ́là nìyẹn. Páńpù tì í wọ inú kúlà, ìyẹn ìdì páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi òkun ń gba inú wọn kọjá, tí kúláǹtì sì ń gba ẹ̀yìn wọn. Ibẹ̀ ni ooru ti ń kúrò lára ọ̀kan bọ́ sára èkejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da omi òkun náà sínú elbow ẹ̀sọ́ọ̀sì, ìyẹn páìpù tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ (kì í ṣe èlùbọ́ àmàlà o), òun àti èéfín á jọ jáde. Èéfín tó gbóná tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún dígírì nígbà tó ń kúrò nínú ẹ́ńjìnnì á wá rọ̀ débi pé hóòsì rọ́bà lè gbé e. Ìdí nìyẹn tí omi bá dá, tó fi jẹ́ pé hóòsì ẹ̀sọ́ọ̀sì ló sábà máa ń kọ́kọ́ jóná.

Àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré àtijọ́ kan kò ní kúláǹtì rárá. Omi òkun fúnra rẹ̀ ló ń wọ inú irin wọn lọ. Tẹ́mọ́sítáàtì irú wọn, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí ooru ń ṣí fún omi, máa ń ṣí ní nǹkan bí 60°C, tó rẹlẹ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì oníkúláǹtì, nítorí bí omi iyọ̀ bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ògiri inú irin bí èépá inú kẹ́tùlù.

Láti ẹnu ihò abẹ́ ọkọ̀ dé ìdí ẹ̀sọ́ọ̀sì, àwọn ibi tí nǹkan ti so mọ́ nǹkan lè ju mẹ́wàá lọ dáadáa: hóòsì mọ́ idẹ, idẹ mọ́ irin, irin mọ́ àlùmíníọ́ọ̀mù. Páńpù kì í sábà dédé kú. Ibi ìsopọ̀ wọ̀nyí ni àìsàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó sì ń tan àwọn èèyàn jẹ jù nínú wọn ni idẹ.

Èdè wa gan-an dá sí ìtànjẹ náà. Idẹ là ń pe brass, idẹ náà là ń pe bronze. Ṣùgbọ́n bàbà àti síńkì ni wọ́n yọ́ pọ̀ di brass, nígbà tí bronze jẹ́ bàbà àti tánganran. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí wọ́n bá kó elbow brass tí pọ́ńbà ń lò fún ilé àti elbow bronze ti ọkọ̀ sórí tábìlì kan náà, tí wọ́n sì dán méjèèjì, ojú lásán kò lè yà wọ́n. Owó wọn ló yàtọ̀, ìyẹn ló sì ń mú kí ẹni tó ń kánjú ra ti ọjà ohun èlò ilé. Inú omi iyọ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń hàn. Iyọ̀ á máa yọ síńkì kúrò nínú brass díẹ̀díẹ̀, á fi bàbà sílẹ̀ ní ihò wúruwùru bíi kànìnkànìn. Wọ́n ń ki Ọ̀ṣun ní Afidẹrẹmọ, ṣùgbọ́n omi odò tútù ni idẹ tirẹ̀ ń gbé.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé elbow yẹn kò ní yí padà lójú. Ó gùn bó ṣe gùn, ó sanra bó ṣe sanra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ á fi ọ̀bẹ há èépá àwọ̀ ewé tó bò ó kúrò. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ń dán bíi wúrà, ó ṣì ní agbára. Bó bá pọ́n, tó rí bíi bàbà tuntun tàbí awọ ẹlẹ́dẹ̀, ó ti kú. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn sípánà kàn án díẹ̀: èyí tó yè á dún gan-an, èyí tó kú á dún bọ̀bọ̀ bí ìkòkò tó ti sán. Àwọn kan ti di sípánà mú un báyìí tó sì fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ bíi bísíkíìtì. Ó sàn kó fọ́ ní èbúté ju kó fọ́ láàárín ọ̀sà lọ. Irú brass kan wà tí wọ́n ṣe kí síńkì rẹ̀ má baà tètè yọ, wọ́n sì máa ń kọ DZR tàbí CR sí i lára. Ìyẹn ṣe é lò. Èyí tí kò ní àmì kankan, kí wọ́n lọ fi ṣe ẹ̀rọ omi ilé.

Ọ̀nà kejì tí ìsopọ̀ ń gbà bàjẹ́ ni ti irin méjì tó yàtọ̀ síra nínú omi iyọ̀ kan náà. Bátìrì ni wọ́n dà yẹn, èyí tó bá tètè ń jẹrà jù nínú wọn ni iná rẹ̀ yóò máa jẹ. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ki ọ̀pá síńkì kékeré kan, tó tó ìka, bọ inú kúlà. Ìpààrọ̀ orí ni síńkì yẹn: kí iyọ̀ jẹ ẹ́, kó fi tàwọn yòókù sílẹ̀. Bó bá ti ku ìdajì, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wà tí síńkì rẹ̀ ti tán láti ọdún tó kọjá, tí ẹni tó ni ín kò sì mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀sà kì í ṣe òkun, pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà òjò, bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́: odò Ògùn àti àwọn odò yòókù á ya wọ ọ̀sà Èkó, iyọ̀ á dínkù gan-an. Ẹ̀ẹ̀rùn á dé, omi òkun á padà wọlé. Àkókò kọ̀ọ̀kan sì ní wàhálà tirẹ̀. Ìgbà tí omi bá dùn ni water hyacinth máa ń bo ojú ọ̀sà, ewéko tó fara jọ ojúoró, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní agbègbè Àgbádárìgì ní 1984. Òun àti ọ̀rá pure water ló ń dí asẹ́ pa. Bí omi ò bá dé ọ̀dọ̀ páńpù, ímpẹ́là tó ń yí ní gbígbẹ lè fọ́ kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó pé. Bí wọ́n bá sì yọ ímpẹ́là ẹlẹ́tí mẹ́fà jáde tí etí mẹ́rin péré ṣẹ́ kù, méjì tó nù wà níwájú, nínú kúlà, wọ́n ń dí ọ̀nà. Àfi kí wọ́n wá wọn rí.

Kílíìpù tó ń fún hóòsì mọ́ ẹnu idẹ náà ní ẹjọ́. Wọ́n lè kọ stainless sára ọ̀já rẹ̀ kí ìdè rẹ̀, ìyẹn ìṣó tí wọ́n ń lọ́ láti fún un, jẹ́ irin lásán. Kí wọ́n gbé mágnẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn: bí ìdè bá lẹ̀ mọ́ ọn gbàgì tí ọ̀já ò lẹ̀, wọ́n ti ta gbàrọgùdù fún ẹni tó rà á.

Bí ìsopọ̀ kan bá já lórí omi, fáfù abẹ́ ọkọ̀ ni kí ọwọ́ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ibi tó ń tú jáde. Ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 25, tó wà ní ìdajì mítà sábẹ́ omi, lè gba omi tó ju lítà 50 lọ wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Báàgì pure water márùn-ún nìyẹn, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí fáfù bá ti há, igi tí wọ́n gbẹ́ ṣóńṣó ni wọ́n máa kàn bọ ihò náà, ó sì yẹ kí irú igi bẹ́ẹ̀ ti wà ní síso mọ́ ẹ̀gbẹ́ fáfù kí ọkọ̀ tó kúrò nílé. Hóòsì tó bẹ́ lẹ́nu ṣe é gé kí wọ́n tún un kì. Èyí tó bẹ́ láàárín, kí wọ́n ya tíúbù táyà ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n fà á le bí wọ́n ṣe ń wé e, kí wọ́n sì rọra wakọ̀ padà sílé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí kúláǹtì nígbà tó bá gbóná. Omi ibẹ̀ á bọ́ awọ ojú.

Yíyọ ìsopọ̀ idẹ tó ti há gba sùúrù ju agbára lọ. Bó bá jẹ́ lára fáfù abẹ́ ọkọ̀ gan-an ni, orí ilẹ̀ ni kí ọkọ̀ wà. Kí wọ́n fi WD-40 tàbí irú òróró bẹ́ẹ̀ rin ín sùn. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n fi ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná mú ara ilé, ìyẹn irin tí wọ́n lọ́ ọ wọ̀ sí, gbóná, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀, torí pé ilé náà ni a fẹ́ kó fẹ̀. Kí wọ́n má lo iná gidi o, epo wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Sípánà méjì ni wọ́n á fi mú un, ọ̀kan á di ilé mú, èkejì á lọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ fún un le díẹ̀ kí wọ́n tó tú u: ìyẹn ló ń já ìpẹtà. Bó bá fọ́ sínú ihò, kí wọ́n fi aṣọ wé abẹ ayùn irin, kí wọ́n fi ọwọ́ rẹ́ ẹ láti inú ní ojú méjì, kí wọ́n dúró kó tó kan tẹ́rẹ́ẹ̀dì ilé (ìlà tí wọ́n fi ń lọ́ nǹkan wọlé), kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ wọnú.

Kí wọ́n tó wé thread tape mọ́ tuntun, kí wọ́n rí i pé tẹ́rẹ́ẹ̀dì méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá. Ti Gẹ̀ẹ́sì, BSP, ni àwọn pọ́ńbà wa ń lò. Ti Amẹ́ríkà, NPT, ló sábà máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà. Ní ìdajì ínṣì, méjèèjì ní ìlà 14 nínú ínṣì kan, nítorí náà wọ́n á gba ara wọn wọlé dáadáa. Ṣùgbọ́n igun ìlà ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dígírì 55, ti Amẹ́ríkà 60. Á há, á dà bíi pé ó ti le, á sì máa jò. Ẹni tí kò mọ̀ á túbọ̀ máa fún un títí ilé á fi sán.

Hóòsì gbọ́dọ̀ wọlé kọjá òkè tó wà lẹ́nu idẹ kó tó gba kílíìpù, méjì méjì ní ìsàlẹ̀ ojú omi bí ẹnu idẹ náà bá gùn tó. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣí fáfù, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan lọ dúró nídìí ẹ̀sọ́ọ̀sì láti máa wo omi. Bó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó sì gbóná dáadáa, kí wọ́n pa á, kó tutù díẹ̀, kí wọ́n mú tíṣù gbígbẹ, kí wọ́n fi nu ìsàlẹ̀ ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì gbé e wò lójú ìmọ́lẹ̀.