Ilé Tó Bá Oòrùn àti Ilẹ̀ Mu ní Ìbàdàn

Ilé tó bá oòrùn àti ilẹ̀ mu ni ilé tí ìdojúkọ rẹ̀, fèrèsé rẹ̀, igi àyíká rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n ń mú kí inú rẹ̀ tutù láìgbára lé ẹ̀rọ amúlétutù. Ní Ìbàdàn, ibi tí ilé kọjú sí àti ilẹ̀pa tí wọ́n fi mọ ògiri ló ṣe pàtàkì jù.

Ìtàn ní ṣókí

Ògiri amọ̀ tó nípọn ni wọ́n fi ń kọ́ agboolé àtijọ́, àgbàlá sì wà láàárín rẹ̀ tí omi òjò ń ti orí òrùlé ṣàn sí. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew, ayàwòrán ilé ará Gẹ̀ẹ́sì, ló ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ rẹ̀: ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, pẹ̀lú ògiri oníhò tó ń dín oòrùn kù. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà tó kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, po ilẹ̀pa mọ́ sìmẹ́ǹtì láti ṣe bulọ́ọ̀kù tirẹ̀. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice, ní Ítálì, fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀.

Oòrùn àti afẹ́fẹ́

Ìbàdàn wà ní nǹkan bí 7.4° sí àríwá agbedeméjì ayé. Nítorí náà, lọ́sàn-án gangan, ìhà àríwá ni oòrùn máa ń wà láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹsàn-án. Gúúsù ló máa ń wà ní ìyókù ọdún. Bí fèrèsé bá ga ní mítà 1.2, ìbòji tó yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 35 lókè rẹ̀ tó fún ojú àríwá. Ti gúúsù ń fẹ́ nǹkan bí 72. Ìwọ̀ oòrùn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá ku wákàtí méjì kí oòrùn wọ̀, ìbòji ibẹ̀ ní láti ju mítà 2 lọ, ta ni yóò kọ́ irú rẹ̀? Ilé ìwẹ̀, àtẹ̀gùn tàbí yàrá ẹrù ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe yàrá ìbùsùn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé títì ni gbogbo ilé ń kọjú sí. Bí títì bá wà ní ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀gbẹ́ ilé tó kúrú ni kó kọjú sí i.

Fèrèsé tó ń sún kì í ṣí ju ìdajì lọ. Èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn ń gba afẹ́fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ihò wà láàárín páànù àti sílìn kí ooru lè jáde, kí a sì fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí àdán.

Bulọ́ọ̀kù ilẹ̀pa

Ilẹ̀ tí wọ́n wà jáde nínú ìpìlẹ̀ tàbí sọkawéè sábà máa ń wúlò, ó sì ń dín owó típà kù. A máa kọ́kọ́ ha ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, ó tó sẹ̀ǹtímítà 30, torí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà kì í jẹ́ kí bulọ́ọ̀kù le. Láti dán an wò, a bu ilẹ̀pa dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò funfun, a bu omi àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, a gbọ̀n ọ́n, a sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ á wà lókè. Amọ̀ tó wà láàárín 15% sí 30% ló dára. Bó bá pọ̀ jù, bulọ́ọ̀kù á sán bó bá gbẹ, a ó sì fi yanrìn odò kún un. Bó bá kéré jù, á fọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ bulọ́ọ̀kù.

Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50, ń lọ fún ilẹ̀pa kílò 600 sí 1,000. Omi rẹ̀ ló ń da àwọn bíríkìlà láàmú. A á ki àpòpọ̀ náà ní ìkúùkù, a á sì jẹ́ kó já láti èjìká: bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ti tó, bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ti pọ̀ jù, bó bá di lẹ́bú, ó gbẹ jù. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, abẹ́ ìbòji ni kó wà, kí a fi ọ̀rá bò ó, kí a máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ọjọ́ 28 ló yẹ kó pé kí a tó fi mọlé. Èyí tí wọ́n bá sá sóòrùn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, etí rẹ̀ á máa ṣí, torí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ kò rí omi mu tó.

Bulọ́ọ̀kù yanrìn tàbí òkúta ni kó wà nísàlẹ̀ ògiri títí dé sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45 sókè ilẹ̀, kí etí òrùlé sì yọ síta tó 90 kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má bàa gé ògiri. Sìmẹ́ǹtì tó le jù kò yẹ fún rírẹ́ ẹ: ó máa ń bó ní abala abala.

Àyíká

Ìkún omi odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 àti ìkún omi mìíràn ní ìlú náà ní oṣù kẹjọ 2011 fi hàn pé ìlú olókè yìí ń fẹ́ ilẹ̀ tó lè fa omi mu. Koríko dára ju kọnkéré lọ. Dóńgóyárò tàbí mángòrò ní ìwọ̀ oòrùn ń bo ògiri, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ àti sọkawéè ní nǹkan bí mítà 6.